Gọ́ọ̀mù Tí Kò Bẹ̀rù Òrí

Ọjọ́ tí Baba Múfú kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣakí, mo rò pé bàtà ló gbé wá. Ó tú ìnujú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí tábìlì mi. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọparun tí wọ́n là wẹ́wẹ́ bí igi ìṣáná, àti pákó pẹlẹbẹ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.

Ó ní, "Wọ́n ní ìwọ lo mọ gọ́ọ̀mù jù ní ìlú yìí."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyàwó mi ni. O bá a lẹ sálúbàtà kan níjọ́ kan. Ó ní awọ rẹ̀ ti gbó, ìdè rẹ̀ ti já, ṣùgbọ́n ibi tí o lẹ̀ kò tíì ṣí."

Ó to ọparun náà ní ìdábùú sórí pákó, ó wá gbé sípóòkù méjì lé e lórí, wọ́n nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ní, "Ojú irin rélùwéè rèé. Irin rèé, igi ìdábùú rèé. Kí ni mo lè fi lẹ̀ wọ́n mọ́ra tí kò ní tú?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Baba, ṣé ẹ fẹ́ kí rélùwéè dé Ṣakí ni?"

Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọmọ Òkè-Ògùn ló lè mọ bí ìdáhùn yẹn ṣe rí lára. Rélùwéè kò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Láyé òyìnbó, ó gba Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo, ó forí lé Òkè Ọya, ó fi wá sílẹ̀ ní apá ibi tí oòrùn ń wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ nínú wa yóò kọ́kọ́ jókòó sẹ́yìn lọ́rì, eruku pupa yóò kùn ún láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, yóò tún kùn ún láti Ìsẹ́yìn dé Ìbàdàn. Àwọn bàbá wa sọ̀rọ̀ rélùwéè títí, wọ́n fi sílẹ̀ fún wa, àwa náà ń sọ ọ́.

Iṣẹ́ awọ ni iṣẹ́ mi. Ọdún méje ni mo fi kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, Baba Àlímì: bàtà, àpò, ìgbànú, tìmùtìmù, àti awọ tí a fi ń bo Kùránì. Ọ̀gá mi kì í na ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta ju ẹgba lọ. Bí ohun tí mo lẹ̀ bá ṣí, yóò yí i padà, yóò wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa, yóò wá ní, "Làsísì, eruku lo lẹ gọ́ọ̀mù mọ́. Eruku lọ, gọ́ọ̀mù sì bá a lọ." Nígbà tí Baba Múfú fi wá sọ́dọ̀ mi, a ti kúrò lórí pọ́n-ùn bọ́ sórí náírà fún ọdún mélòó kan. Mo ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo ti fẹ́ ìyàwó, mo sì rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè kọ́ mi nípa gọ́ọ̀mù.

Mo tẹ̀ lé Baba Múfú délé lẹ́yìn ìrun Alásàrì. Dírẹ́bà rélùwéè ni kó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Baba Rélùwéè lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti ní kí káfíńtà ṣe tábìlì gbọọrọ kan sínú yàrá iwájú, tábìlì náà gùn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí fèrèsé. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà wínníwínní sórí rẹ̀, ó sì ti kọ orúkọ ìlú sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà: Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀fà, Ìlọrin, Jẹ́bà, Mínà, Kàdúná.

Ìyá Múfú wà lórí ẹní, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kí n tó kí i ló ti ní, "Oníbàtà ni. Mo gbọ́ òórùn gọ́ọ̀mù." Ó gbé ojú sókè, mo sì rí i pé ojú náà ti funfun. Kò ríran mọ́.

Nígbà tí Baba sìn mí jáde ló tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi.

"Inú ilé rélùwéè ni a ti lo ayé wa," ó ní. "Bí wọ́n bá gbé mi láti tésàn kan lọ sí òmíràn, yóò di ẹrù, yóò bá mi lọ. Nígbà tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ fọ́, ó ní kò burú, òun ṣì ń rí gbogbo rẹ̀ nínú ọkàn òun. Ní báyìí, ó ní ó ti ń dàrú. Lóṣù tó kọjá, ó bi mí bóyá odò Ọya ni a máa ń kọ́kọ́ rí ni tàbí ọjà Ìlọrin. Ó sunkún nítorí rẹ̀, Làsísì. Mo fẹ́ kó fi ọwọ́ rìn ín."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè kọ iṣẹ́ náà. Ohun tí a ń fi ojú wò lásán, gọ́ọ̀mù yòówù lè gbé e. Ohun tí ọwọ́ yóò máa fà, tí ọwọ́ yóò máa tì, tí ọwọ́ yóò máa tẹ̀ lójoojúmọ́, tirẹ̀ yàtọ̀.

Èmi àti Baba bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ni mo máa ń ṣe bàtà àwọn ènìyàn. Ọ̀sán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo máa ń wà nídìí tábìlì náà. Baba ló ń sọ bí nǹkan ṣe rí, èmi ni mo ń lẹ̀ ẹ́. Páálí la fi ṣe àwọn tésàn. Agolo mílíìkì la gé, tí a ká, tí a fi ṣe ọkọ̀ àti àwọn wágọ̀nù tó ń fà. Igi rìílì òwú tí a gé pẹlẹbẹ la fi ṣe ẹsẹ̀ wọn. Àwọn òkè tó wà lọ́nà, ìyẹ̀fun pákó la fi gọ́ọ̀mù pò, tí a mọ bí ẹní ń mọ amọ̀.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi táàṣì ẹ̀gẹ́ lẹ àwọn páálí náà, torí pé ó rọrùn láti sè, ó sì máa ń di páálí mú dáadáa. Láàárín ọjọ́ méjì, eku ti jẹ tésàn Ọ̀fà tán, òrùlé àti ògiri. Baba dúró tì í, ó ń wò ó.

"Gbogbo ọdún tí mo fi wa ọkọ̀," ó ní, "mo rí tésàn tó jóná, mo rí èyí tí omi wọ̀. Mi ò rí èyí tí eku jẹ rí."

Mo fi táàṣì sílẹ̀. Mo dán gúlù káfíńtà wò, èyí tí wọ́n fi awọ àti egungun màlúù ṣe, tí a máa ń yọ́ nínú omi gbígbóná. Ó di igi mú bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí ilé rin, ó tún rọ̀. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ìgbàlódé ń lò ni mo wá fi ṣe gbogbo ohun tó jẹ́ igi mọ́ igi àti páálí mọ́ igi, ó sì dúró. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò mọ irin. Bó bá gbẹ lára irin, èékánná lásán lè ká a kúrò bí awọ àlùbọ́sà.

Fún irin, mo padà sí ohun tí mo mọ̀, gọ́ọ̀mù oníbàtà, èyí tó pọ́n bí oyin, tí òórùn rẹ̀ máa ń gun ni lórí. A máa ń fi pa ojú méjèèjì, a ó sì dúró títí kò fi ní fa ìka mọ́, kí a tó pa wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá ti kan ara wọn báyìí, kò sí pé kí o sún un díẹ̀ sọ́tùn-ún. Ó ti di. Òun ni mo fi lẹ gbogbo sípóòkù mọ́ ọparun láti Ìbàdàn dé Kàdúná, òun náà ni mo sì fi gbé afárá Jẹ́bà, tí a fi agolo ṣe sórí odò Ọya, dúró. Mo fi ọwọ́ ara mi fà á, kò mì. Mo ní Baba lè pe Ìyá.

Ìyá wọlé, ó dúró nídìí Ìbàdàn. Baba mú ìka rẹ̀ lé irin. Ìka náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ìka méjì, ọ̀kan lórí irin kọ̀ọ̀kan. Bó bá dé tésàn, yóò dúró, yóò fi ọwọ́ kejì pa òrùlé rẹ̀, yóò dá orúkọ rẹ̀. Ó dé Òṣogbo, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ibí ni Baba Múfú ti jẹ dòdò ẹlòmíràn, tí obìnrin náà lé e dé ìdí ọkọ̀." Baba ní irọ́ ni. Ìyá ní òótọ́ ni. Wọ́n ń jiyàn bí ọmọdé, mo sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orí mi ń wú.

Ó dé Jẹ́bà. Ó di afárá náà mú láti mọ bó ṣe ga tó, ó sì fà á díẹ̀. Gbogbo afárá náà ká kúrò sí i lọ́wọ́.

Ó dúró pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́. "Mo ti bà á jẹ́," ó ní.

"Rárá mà, ẹ̀yin kọ́ ni—"

"Mo ti bà á jẹ́. Ẹ wò ó, ohun tí ẹ fi oṣù mẹ́rin ṣe." Ó gbé afárá náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń fi ọwọ́ wá ibi tí yóò gbé e sí. Omi ti dà lójú rẹ̀. Ó jáde, kò sì wọ yàrá náà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo yí afárá náà padà, mo wo abẹ́ rẹ̀ bí ọ̀gá mi ti máa ń ṣe. Mo rí i pé n kò họ ọ̀dà tí mo fi kun agolo náà kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ọ̀dà ni gọ́ọ̀mù mi dì mú, kò dé ara irin. Mo lọ bá Ìyá lẹ́yìnkùlé, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Ó ní kí n dìde, pé inú rere mi ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Kò gbà mí gbọ́.

Mo họ ọ̀dà, mo lẹ afárá padà. Baba bẹ̀ ẹ́ títí ó fi wọlé. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn irin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, wọ́n ń rìn kúrò níbi tí mo fi wọ́n sí, díẹ̀ díẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan wọ́n, wọ́n ń yọ̀ mí lọ́wọ́. Mo gbọ́ òórùn ìka mi. Òrí ni. Àárọ̀ gbogbo ni Ìyá máa ń fi òrí pa ara, bí gbogbo obìnrin ọ̀dọ̀ wa, òrí náà sì ń ti ọwọ́ rẹ̀ wọnú ojú irin. Gọ́ọ̀mù oníbàtà kì í bá epo ṣọ̀rẹ́. Bí epo bá ti wọ̀ ọ́, yóò rọ̀, yóò sì tú.

Mo sọ fún Baba pé bí Ìyá bá lè dá òrí dúró lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ó sọ fún un, Ìyá sì gbà. Mo fọ gbogbo rẹ̀, mo tún un lẹ̀, irin kò sì yẹ̀ mọ́. Inú mi dùn. Mo tún fi bàtà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ṣáájú, n kò dé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọyẹ́ wọlé lọ́dún náà pẹ̀lú ibínú. Ètè ń là, gìgísẹ̀ ń là, igi orí òrùlé ń dún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo yà síbẹ̀, mo bá Ìyá nìkan nídìí tábìlì, ó wà ní apá Ìlọrin. Mo rí àwọ̀ kan lára ọparun, ó pọ́n rúsúrúsú. Mo rò pé ìpẹtà irin ni. Mo fi ìka kàn án, ó tutù. Mo wo ọwọ́ Ìyá. Gbogbo orí ìka rẹ̀ ti là, ẹ̀jẹ̀ ń yọ níbẹ̀.

"Ìyá, ọwọ́ yín!"

"Fi sílẹ̀. Ọwọ́ tó là máa ń san."

"Ẹ̀yin kò sì fi nǹkan sí i?"

"Ìwọ lo ní irin kò fẹ́ òrí." Ó sọ ọ́ láìbínú rárá, bí ẹni tó ń rán mi létí ohun tí mo gbàgbé. "Mo fẹ́ dé Mínà kí wọ́n tó pe Alásàrì."

Ojú tì mí débi pé n kò lè jókòó. Bàtà là ń ṣe fún ẹsẹ̀. A kì í gé ẹsẹ̀ nítorí bàtà. Ohun tí mo fi jẹun láti kékeré nìyẹn, mo sì ti gbàgbé rẹ̀ nídìí obìnrin yìí. Mo sáré lọ sílé, mo gba òrí lọ́wọ́ ìyàwó mi, mo gbé e wá, mo bẹ Ìyá kó fi pa ọwọ́ rẹ̀. Ó ní irin ńkọ́? Mo ní kí irin máa tú.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ lọ́rì lọ sí Ìbàdàn. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta gọ́ọ̀mù bàtà, wọ́n ní kò sí èyí tí kì í bẹ̀rù epo. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò káfíńtà, wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ibi tí mo ti jókòó mu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tó ti sú mi, ni mo ti rí mẹkáníìkì kan tó ń dí ihò ara táǹkì epo mọ́tò. Ó fún nǹkan méjì jáde nínú túùbù méjì, ó pò wọ́n, ó fi lẹ ihò náà.

Mo dìde. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, epo bẹntiróòlù kò ní tú ìyẹn?"

"Táǹkì epo rèé," ó ní. "Bí epo bá lè tú u, kí ni mo ń ṣe níbí?"

"Òrí ńkọ́?"

Ó gbójú sókè wò mí. "Òrí wo? Ṣé ìwọ ń fi òrí wa mọ́tò ni?"

Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un, láti orí sípóòkù dé orí ọwọ́ Ìyá. Kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà mọ́. Ó fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn mí, ó ní, "Iye tí o bá fún láti inú ti àkọ́kọ́ náà ni kí o fún láti inú ti èkejì. Kì í gba ìkánjú. Bí o bá bu èkejì pọ̀ kó lè yá, yóò dójú tì ọ́."

Mo délé, mo bu èkejì pọ̀ kó lè yá. Ó dójú tì mí. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò jinná, kò gbẹ títí di ọjọ́ kẹta. Mo ha á kúrò pẹ̀lú ọ̀bẹ, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo tú gbogbo irin láti Ìbàdàn dé Kàdúná. Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ òrí kúrò, mo fi bẹntiróòlù nù ún, mo fi sáǹpépà họ ara sípóòkù kọ̀ọ̀kan títí dídán rẹ̀ fi kú, torí pé gọ́ọ̀mù kì í rí ibi di mú lára ohun tó ń dán. Mo wọn túùbù méjèèjì bákan náà, mo ń fi igi ìṣáná pò ó díẹ̀ díẹ̀ nínú ìdérí ìgò, mo ń gbé iṣẹ́ náà sínú oòrùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé, torí pé òtútù àárọ̀ kì í jẹ́ kó tètè gbẹ. Ó gbà mí ní odindi oṣù kan. Nígbà tí mo parí, mo bu òrí sọ́wọ́ ara mi, mo fi pa gbogbo ojú irin náà, mo fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí èyí tó mì.

Ọjọ́ tí Ìyá padà sídìí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń dán fún òrí. Ó di afárá Jẹ́bà mú, ó fà á, ó tún fà á. Ó rẹ́rìn-ín. Ó gun afárá náà kọjá odò Ọya. Tésàn kékeré mẹ́ta tí Baba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n fi kún un wà lẹ́yìn ibẹ̀, tí dírẹ́bà nìkan máa ń rántí orúkọ wọn. Ó kọjá èkíní, ó kọjá èkejì. Ní ẹ̀kẹta ó dúró. Ó fi ọwọ́ pa òrùlé rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wá nǹkan.

"Làsísì, kí ni ẹ fi sí ẹ̀yìn tésàn yìí?"

"Kò sí nǹkan níbẹ̀ mà. Pákó lásán ni."

"Baba Múfú," ó ní. "Kò sí nǹkan níbẹ̀?"

Baba dìde, ó lọ dúró sí ojú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Ìyá ló sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan kí Múfú tó dé ayé. Ràbíátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin. Wọ́n ń kó lọ sí Mínà nígbà tí ibà mú un nínú ọkọ̀. Wọ́n sọ ìyá àti ọmọ kalẹ̀ ní tésàn yẹn, bóyá wọn á rí dókítà, kò sì sí. Ọmọ náà kú ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tésàn bá Ìyá sin ín sábẹ́ igi àjàgbọn tó wà lẹ́yìn ibẹ̀. Baba ti wa ọkọ̀ lọ ní tirẹ̀, torí pé èrò kún inú rẹ̀, kò sì sí dírẹ́bà mìíràn.

"Láti ọjọ́ náà," Ìyá ní, "bó bá ti dé ibẹ̀, yóò fọn fèrè. Kò sí ẹni tó ní kó fọn ọ́n. Ìgbà mìíràn mo máa ń wà nínú ọkọ̀, màá gbọ́ ọ, màá bo ojú."

Ohùn Baba wá láti ojú fèrèsé. "Mi ò gbàgbé rẹ̀. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mi ò mọ bí màá ṣe kọ ọ́."

"Ẹ má kọ ọ́," Ìyá ní. "Òkúta la gbé síbẹ̀. Òkúta ni kí ẹ gbé sí i."

Mo jáde. Òkúta kò wọ́n ní Ṣakí. Mo ṣa mẹ́fà wá, Ìyá fi ọwọ́ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú ọ̀kan tí kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo pò gọ́ọ̀mù. Mo ní kí n gbé nǹkan tó wúwo lé e títí yóò fi dì, Baba ní rárá. Ó fi àtàǹpàkò ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gọ́ọ̀mù yẹn kì í yára. Ìyá gbé ọwọ́ lé ọwọ́ Baba, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Mo kó ohun èlò mi, mo jókòó sójúde. Ìgbà tí wọ́n pe Mọ̀gáríbì ni mo tó gbọ́ tí àga wọn dún.

Ó lo ojú irin náà fún ọdún bíi mẹ́ta sí i. Mo máa ń yà síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ láti wo ohun tó bá fẹ́ àtúnṣe, ṣùgbọ́n kì í sábà sí nǹkan, ìtàn ni mo máa ń gbọ́. Bí mo bá wọlé, yóò ní, "Làsísì, mo wà ní Ọ̀fà," tàbí, "Dúró dè mí, mo fẹ́ wọ Kàdúná." Ó kú nígbà òjò, lójú oorun. Baba kò lè gbé inú ilé náà mọ́. Múfú wá láti Kàdúná, ó mú un lọ, ó sì ta ilé náà. Baba ní kí wọ́n gbé tábìlì náà fún ilé-ẹ̀kọ́ girama tó wà ní ìlú wa, kí àwọn ọmọ tí kò rí rélùwéè rí lè mọ bó ṣe rí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí òun náà fi tẹ̀ lé Ìyá.

Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tí ojú èmi náà kò gbé abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́, tí mo ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, tíṣà kan láti ilé-ẹ̀kọ́ náà wá mi wá. Ó ní àwọn ọmọ ti fa orí ọkọ̀ náà ya, kí n bá àwọn tún un ṣe. Mo lọ. Àwọn ọmọ yí mi ká bí mo ṣe ń pò gọ́ọ̀mù. Ọmọbìnrin kan ní, "Baba, nínú gbogbo gọ́ọ̀mù tí ẹ mọ̀, èwo ló lágbára jù?"

Mo ní, "Má bi mí bẹ́ẹ̀. Bi mí pé kí ni yóò máa kàn án. Ṣé oòrùn ni, ṣé omi ni, àbí ọwọ́ ènìyàn? Bí o bá ti mọ ìyẹn, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò ní ṣòro láti mọ̀." Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Mo rí i tó kọ ọ́.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, inú mi dùn púpọ̀. Mo ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí mo ṣe máa sọ ọ́: pé ọmọ mélòó ló wà níbẹ̀, pé irin kò yẹ̀ títí di òní, pé ọmọ kan tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Mo yà sí ọ̀tún, mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, mo ti dé iwájú ilé Baba Múfú, mo ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, kí n tó rántí. Wọ́n ti kun ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ mìíràn. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ jókòó sójúde, ó ń fẹ́ ìrẹsì.

"Ẹ káàbọ̀ sà," ó ní. "Ta ni ẹ ń wá?"

Mo ní òùngbẹ ló ń gbẹ mí. Ó gbé omi wá fún mi nínú kọ́ọ̀bù. Mo dúró síbẹ̀, mo mu ún tán, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ bàtà mi, mo sì gba ilé lọ.